Bí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe lè di aṣòfin láì jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kú

Káfíńtà, wẹ́dà, mẹkáníìkì, télọ̀, bíríkìlà: kò sí èyí tí òfin Nàìjíríà ní kò gbọdọ̀ jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Agodi, Ìbàdàn. Àwọn ohun tó sábà máa ń dá oníṣẹ́ ọwọ́ dúró lójú ọ̀nà yìí kéré lójú: orúkọ tí kò bára mu lórí ìwé, owó oníbàárà tó lọ sórí pátákó ìpolongo, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó tú ká nítorí pé ọ̀gá kì í sí nítòsí mọ́. Ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbáà jẹ́ ní Sábó tàbí ní Arówómọlé, tí àwọn ará àdúgbò ti ń sọ fún pé "Ọ̀gá, ẹ jáde, a máa dìbò fún yín," òun la kọ èyí fún. Ìmúrasílẹ̀ ọdún mẹ́ta ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ìdìbò ku oṣù mẹ́fà, ẹlòmíì ló ń bá ná owó.

Àga wo lẹ ń lé?

Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀: Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, Oríire, Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa. Nínú àga 32 tó wà ní Agodi, Àríwá ní ọ̀kan, Gúúsù ní ọ̀kan, Oríire ní ọ̀kan, Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa sì jọ ń lo ọ̀kan. Ní Abuja, Àríwá, Gúúsù àti Oríire ló jọ ń rán aṣojú kan lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa ń rán òmíràn. Ti sẹ́nétọ̀ tún yàtọ̀: mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lábẹ́ Àríwá Ọ̀yọ́, méjì yòókù wà lábẹ́ Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò mọ ààlà ẹkùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀gá ti ń ṣìṣirò. Ẹni tí ẹ ṣe géètì fún ní Ìrẹsà-Adú tàbí ní Ajáàwá lè fẹ́ràn yín bí ojú, kò lè dìbò fún yín bí Àríwá lẹ ti ń díje. Ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jáde, kí ẹ kọ wọ́ọ̀dù oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́ọ̀dù mẹ́wàá ló wà ní Àríwá, mẹ́wàá náà ló wà ní Gúúsù. Bí oníbàárà yín bá pọ̀ ní Jagun, Òkèlérin àti Ìsàlẹ̀ Afọ́n, tí kò sì sí ẹyọ ẹnì kan ní Màsífà, ẹ ti mọ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ yín kọ́kọ́ yà sí.

Ọjọ́ orí kò le mọ́. Láti ọdún 2018, ẹni ọdún 25 lè díje fún Agodi àti fún Ilé Aṣojú-ṣòfin. Sẹ́nétọ̀ ló ṣì wà ní 35. Ẹni tí kò díje rí láyé rẹ̀ lè kọ́kọ́ gbìyànjú àga kánsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀. OYSIEC ti ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò ìyẹn, kì í ṣe INEC. Wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni ẹ máa rìn, ẹ sì máa rí bí wọ́n ṣe ń ka ìbò ní ibùdó ìdìbò.

Ìwé ẹ̀rí

Ìwé òfin ọdún 1999 ní kí aṣòfin ti kàwé dé, ó kéré tán, ìpele ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá gbọ́ ìdajì gbólóhùn yìí, wọ́n sì jókòó sílé. Abala 318 ló túmọ̀ "ohun tó bá a dọ́gba", ibẹ̀ gan-an ni oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń rọ́nà. City and Guilds, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, wà nínú rẹ̀. Grade II ti àwọn olùkọ́ àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ka girama dé ìpele àṣekágbá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ìwé mẹ́fà ló ní náà rí ọ̀nà, bó bá lè mú ohun mẹ́ta kún un: ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, tí INEC tẹ́wọ́ gbà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àpapọ̀ rẹ̀ pé ọdún kan, níbi tí INEC mọ̀, àti Gẹ̀ẹ́sì tó lè kà, tó lè kọ, tó gbọ́, tó sì lè sọ débi tó tẹ́ INEC lọ́rùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni o. Méjì kò tó.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí lórí ìwé. Gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé ogún ọdún rèé tí ẹ ti ń jó irin pọ̀ níbẹ̀, ẹnu àdúgbò kò ṣeé fi há fáìlì. Ẹ forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ máa gba ìwé owó orí lọ́dọọdún (ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń béèrè ti ọdún mẹ́ta), ẹ tọ́jú rìsíìtì owó ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ sì tọ́jú lẹ́tà ìgbaniṣiṣẹ́ bí ẹ bá ti bá kọ́ńpìnnì ṣiṣẹ́ rí. Ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ITF àti NDE, àwọn àjọ ìjọba tó ń kọ́ni níṣẹ́, máa ń ṣe ti oṣù díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹrin ló pé ọdún kan. Ìwé ẹ̀rí tí kò bá kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí sára, ẹ dá a padà kí wọ́n kọ ọ́ sí i lójú yín, torí pé láìsí ọjọ́, kò sẹ́ni tó lè rò ó pọ̀ di ọdún kan.

Síbẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má gbára lé ọ̀nà ìwé mẹ́fà nìkan. Ẹ jókòó ṣe ìdánwò NABTEB tàbí GCE. NABTEB ń dán ènìyàn wò lórí iṣẹ́ gígé igi, jíjó irin àti títún mọ́tò ṣe, ohun tí ẹ fi ń jẹun lójoojúmọ́. Owó ìdánwò kan kéré gidigidi sí owó lọ́yà tí ẹ máa san bí ẹnì kan bá gbé yín lọ sí kóòtù pé ìwé yín kò pé.

Ìwé ayédèrú ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kó wọ inú ilé yín. Ìwé òfin sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá kó ayédèrú ìwé ẹ̀rí fún INEC kò lè jókòó nílé aṣòfin. Ní 1999, Salisu Buhari tó jẹ́ olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Abuja pa irọ́ ọjọ́ orí, ó sì ní òun gba oyè ní yunifásítì Toronto. Kò pé oṣù méjì tó fi fi àga sílẹ̀, kóòtù sì dá a lẹ́bi. Wẹ́dà tó ní ìwé mẹ́fà tòótọ́ níyì ju ìyẹn lọ.

Orúkọ ló tún ń pa ọ̀pọ̀ lára. Ká ní ìwé mẹ́fà yín kà pé Raufu Adisa, káàdì ìdìbò kà pé Rauf Adio, báǹkì kọ Raufu Alao, CAC sì kọ orúkọ tí wọ́n fi ń pè yín ní ṣọ́ọ̀bù. Lójú ẹni tó ń wá ẹ̀sùn, ènìyàn mẹ́rin nìyẹn. Ẹ kó gbogbo ìwé sórí tábìlì kan lọ́jọ́ kan náà: ìwé ẹ̀rí, NIN, BVN, káàdì ìdìbò, CAC, ìwé ilẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ tó pẹ́ jù ni kí ẹ mú ṣe ìpìlẹ̀, nítorí òun ló ṣòro jù láti yí padà. Ẹ búra ní kóòtù, ẹ gbé àyípadà orúkọ jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ tún NIN ṣe kí ẹ tó lọ sí báǹkì, torí NIN ni báǹkì máa wò. Ẹ wo ọjọ́ ìbí náà bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ ṣáájú ìdìbò ní ọjọ́ 14 péré láti ìgbà tí ohun tó ń bí i nínú ṣẹlẹ̀, ẹ sì lè gbà pé ó ti fi ọdún kan wá ìwé yín kiri kí ọjọ́ 14 yẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Nípa Gẹ̀ẹ́sì: Abala 97 ní Gẹ̀ẹ́sì ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé lè fẹnu kò láti fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún un. Nítorí náà, Yorùbá lè wọlé. Àbádòfin àti ìwé ìṣúná ṣì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ yín, kíkà wọn sì ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ máa ka ojú ìwé kan nínú ìwé òfin lálaalẹ́, kí ọmọ yín tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama jókòó tì yín.

Ṣọ́ọ̀bù

Ibí la ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ, torí pé òun ló ń bá aṣòfin jà láti ìgbà ìpolongo títí di ọjọ́ tó bá fi Agodi sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àǹbáńsì. Ká ní oníbàárà kan gbé géètì ₦400,000 fún yín, ó san ₦280,000 sílẹ̀. Páìpù, páànù, ìdè, kọ́kọ́rọ́, ohun èlò irin jíjó àti ọ̀dà jẹ́ ₦230,000. Nínú owó tó wà lọ́wọ́ yín, ₦50,000 péré ni kò ní iṣẹ́ lọ́rùn, ìyẹn náà sì tún máa ra epo jẹ́ńrétọ̀, á sì bọ́ àwọn ọmọ. ₦120,000 tó kù di ọjọ́ tí géètì bá dúró. Nígbà ìpolongo, ẹni tó ń tẹ pátákó ìpolongo wá sọ́dọ̀ yín, ó ní ₦200,000. Owó wà ní àpò, ẹ yọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àǹbáńsì oníbàárà kejì ni ẹ fi ra páìpù ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀kẹta ni ẹ fi ra ti èkejì. Ó sábà máa ń já lórí ẹ̀kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí ìpolongo ti gba gbogbo àkókò yín tí iṣẹ́ tuntun kò sì wọlé mọ́. Oníbàárà á wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa pariwo pé ẹni tó jẹ owó géètì òun ló fẹ́ lọ máa ṣọ́ owó ìpínlẹ̀. Kò sí èsì fún un, torí òótọ́ ló sọ.

Ẹ ṣí ìwé fífẹ̀ kan, kí ẹ fa ìlà mẹ́jọ sínú rẹ̀: ọjọ́, orúkọ, iṣẹ́, iye tí a jọ fẹnu kò sí, àǹbáńsì, ohun tí a ti rà, ohun tó kù láti rà, ọjọ́ tí a máa gbé e lọ. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún àǹbáńsì, kí káàdì ATM rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ohun tó kù láti rà, tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò gbọdọ̀ ju owó tó wà nínú àkáǹtì yẹn lọ lọ́jọ́ kankan. Ó dára kí ẹ ti parí gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ní oṣù kan kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì má gba iṣẹ́ tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ títí ìdìbò abẹ́lé yóò fi kọjá.

Lẹ́yìn náà ni adelé. Òfin fúnra rẹ̀ ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Àfikún Karùn-ún ìwé òfin kò gba ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní gbogbo àkókò láàyè láti máa darí okòwò tàbí iṣẹ́ àdáni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀. Ọmọ ilé aṣòfin wà lára àwọn tí ìlànà náà kàn. Ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ tiyín, ẹlòmíì ni kó máa darí rẹ̀.

Ẹni tó yẹ ni ọmọ iṣẹ́ yín tó ti gba fíríìdọ́ọ̀mù, tó ti bá yín ṣiṣẹ́ ó kéré tán ọdún méjì lẹ́yìn náà, tí àwọn oníbàárà sì ti ń pe nọ́ńbà rẹ̀ láì kọ́kọ́ pe tiyín. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí kò mọ iṣẹ́ ṣe adelé nítorí pé ẹ fọkàn tán an. Kò lè mọ̀ bí irin bá jó gbà tàbí kò jó gbà, ọmọ iṣẹ́ kò sì ní bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Pípín tó sábà máa ń wà pẹ́ ni kí owó iṣẹ́, lẹ́yìn tí ohun èlò ti jáde, pín sí mẹ́wàá: mẹ́rin fún adelé, mẹ́ta fún yín, méjì fún ẹ̀rọ àti epo, ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá fún adelé ní ìdá kan péré, yóò máa gba iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ọdún kan ṣáájú ìdìbò, ẹ dán an wò. Ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ má pe, ẹ má yọjú. Bí ẹ bá dé, ẹ wo iye iṣẹ́ tó jáde, iye tí oníbàárà dá padà, àti ọ́ìlì jẹ́ńrétọ̀: bí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti kọjá 100 tí kò tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jókòó bá a sọ̀rọ̀. Ọ́ìlì dúdú kì í pariwo, ẹ́ńjìnnì ló máa pariwo lóṣù mẹ́ta sí i, nígbà tí ẹ ti wà ní Ìbàdàn.

Ti àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jẹ wá lógún púpọ̀. Òbí wọn fà wọ́n lé yín lọ́wọ́ kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀, oṣù tó kù fún un, àti ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù rẹ̀, kí adelé àti òbí buwọ́ lù ú. Ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ yẹ̀ nítorí ìdìbò. Ẹ má rán wọn lẹ pọ́sítà lóru, ẹ má kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ ìpolongo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe ọmọ ìta. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, wọn ò ní rí ẹni gba ìdúró wọn, ẹ̀yin lẹ sì máa dúró níwájú ìyá ọmọ.

Ẹgbẹ́ òṣèlú àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́

Ènìyàn kò lè díje láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì fojú ara yín rí orúkọ yín nínú rẹ́jísítà ẹgbẹ́, kì í ṣe káàdì nìkan. Ẹ máa lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù. Níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ ní àǹfààní kan tí olówó kò ní: ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ṣe, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kan bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ gba owó ohun èlò. Ẹni tó bá ń ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ di ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́, wọn kò sì ń fa ọmọ iṣẹ́ kalẹ̀ fún àga.

Ìdìbò abẹ́lé ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí ẹgbẹ́ bá ní àwọn fẹ́ fìmọ̀ ṣọ̀kan mú ẹnì kan, nígbà tí Òfin Ìdìbò ọdún 2022 wà lójú iṣẹ́, ó béèrè pé kí gbogbo àwọn yòókù kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yọwọ́. Ìwé yẹn kò ṣeé fi ṣeré: ẹ má buwọ́ lu ohunkóhun nínú mọ́tò tàbí lóru, àní bó jẹ́ àgbà tí ẹ bọ̀wọ̀ fún ló gbé e wá. Ẹ ní "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi han lọ́yà mi," kí ẹ sì dọ̀bálẹ̀. Òfin ìdìbò kì í pẹ́ yí padà. Ẹ gba ẹ̀dà tó wà lójú iṣẹ́ lọ́dún tiyín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í gbọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Abala 221 ìwé òfin sọ pé kò sí ẹgbẹ́ kankan, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú, tó gbọdọ̀ polongo ìbò fún olùdíje tàbí dá owó sí ìnáwó ìdìbò rẹ̀. Àpò ẹgbẹ́ káfíńtà tàbí ti wẹ́dà kò ṣeé fà yọ fún yín, ì báà jẹ́ ẹ̀yin ni alága. Ọmọ ẹgbẹ́ lè ti ara rẹ̀ ṣèrànwọ́, ní orúkọ ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Thomas Burt tó ti ń wa kùsà láti kékeré wọ ilé aṣòfin wọn ní 1874, àwọn awakùsà Northumberland ló sì ń dáwó tó fi ń jẹun. Henry Broadhurst tó ń gbẹ́ òkúta wọlé ní 1880. Ìjọba kò sanwó fún ọmọ ilé náà títí di 1911, nígbà tí wọ́n fún wọn ní £400 lọ́dún. Láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn wọn, oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ kì bá tí lè dúró. Níbí, ìjọba ló ń sanwó fún aṣòfin, àmọ́ owó náà kì í bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ṣọ́ọ̀bù ló sì máa bọ́ ilé yín títí dìgbà náà.

Lábẹ́ òfin 2022 yẹn, ₦30,000,000 ni ibi tí ìnáwó olùdíje fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá nígbà náà; ẹ wo iye tó wà nínú òfin tó wà lójú iṣẹ́ lọ́dún tiyín. Ẹ má rò pé ẹ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya owó aṣojú ibùdó ìdìbò sọ́tọ̀, kí ẹ tó ra fìlà tàbí tẹ aṣọ. Ẹ má ta ẹ̀rọ, ẹ má fi ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dúró fún ẹ̀yáwó.

Ọjọ́ ìdìbò

Aṣojú kan ni ẹgbẹ́ yín ní níbùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ́ ọ títí yóò fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Èkíní, kó kọ iye ènìyàn tí ẹ̀rọ BVAS dá mọ̀ sílẹ̀ kí kíka ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, bí àpapọ̀ ìbò bá ju iye yẹn lọ, kó sọ ọ́ níbẹ̀, kó sì kọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kó má kúrò níbẹ̀ láìgba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó ìdìbò, tí òṣìṣẹ́ INEC buwọ́ lù. Kó ya fọ́tò rẹ̀ kí òǹtẹ̀ hàn, kó sì fi ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù EC8A ni ẹlẹ́rìí yín. Ti wọ́ọ̀dù, EC8B, láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí tiribúnà ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí wọ́n kéde èsì, tiribúnà sì gbọ́dọ̀ dájọ́ láàárín ọjọ́ 180 láti ìgbà tí wọ́n pe ẹjọ́. Láìsí EC8A lọ́wọ́, ẹ má náwó lọ síbẹ̀.

Ní Agodi

Kí ẹ tó jókòó, ẹ máa kọ dúkìá yín sílẹ̀ fún Àjọ Ìlànà Ìwà Òṣìṣẹ́ Ìjọba, ẹ sì máa búra. Ẹ kọ ẹ̀rọ wẹ́dìn, jẹ́ńrétọ̀, gíráńdà, irin tó wà ní ìpamọ́, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí ẹ jẹ. Ohun tí ẹ kò kọ lónìí ni wọ́n máa sọ pé owó ìjọba lẹ fi rà lọ́la.

Ilé gbọ́dọ̀ jókòó ó kéré tán ọjọ́ 181 lọ́dún. Aṣòfin tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí pàdánù àga rẹ̀. Bí ilé bá jókòó ọjọ́ 181 gẹ́lẹ́, ọjọ́ 61 tí ẹ kò wá ti tó láti lé yín. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ẹ gba yàrá sí Ìbàdàn. Àwọn tó ń sá wá sílé lójoojúmọ́ nítorí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kì í rí ìwé kà, wọ́n sì ń sùn nílé ìgbìmọ̀.

Àbádòfin máa ń gba ipele mẹ́ta kọjá. Ìkíní, àkọlé nìkan ni wọ́n ń kà. Ìkejì, wọ́n ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ kékeré máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbólóhùn-ní-gbólóhùn, wọ́n sì lè pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́ ọjọ́ náà kí wọ́n wá pẹ̀lú ìwé, kì í ṣe pẹ̀lú ìlù. Ìkẹta, wọ́n á fọwọ́ sí i, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà. Gómìnà ní ọjọ́ 30. Bí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé, ìyẹn ènìyàn 22 nínú 32, lè sọ ọ́ dòfin láìsí i.

Ẹ mọ ohun tí agbára yín dé. Òfin lórí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ Abuja nìkan, ẹ má ṣèlérí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà lábẹ́ agbára yín. Iná mànàmáná náà ti wọ ibẹ̀: àtúnṣe ìwé òfin ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣòfin lórí pípèsè, gbígbé àti pínpín iná, títí kan ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Wẹ́dà tó mọ iye lítà epo tí géètì kan ń jẹ ló yẹ kó wà nídìí ìjíròrò yẹn.

Orí ìṣúná ni oníṣẹ́ ọwọ́ ti lè ṣe ohun tí lọ́yà kò lè ṣe. Ká ní ìwé ìṣúná kọ 500 àga àti tábìlì fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kọ iye owó rẹ̀. Ẹ mú bírò. Èyí tí ọmọ méjì ń jókòó sí, tí àga so mọ́ tábìlì, ń gba nǹkan bíi gígùn méjì páìpù onígun mẹ́rin iǹṣì kan, gígùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18 sí 20. Gígùn 1,000 nìyẹn. Ẹ fi pákó ojú tábìlì àti ti ìjókòó kún un, ọ̀dà, irin jíjó, owó iṣẹ́, ọkọ̀. Ẹ pe adelé kó béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí iye inú ìwé bá fi ìlọ́po méjì jù ú lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó kọ ọ́ pé kí wọ́n tò ó wẹ́wẹ́: páìpù mélòó, nípọn mélòó, pákó wo. Ẹ fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ béèrè. Ẹni tó mọ iye páìpù kò nílò ariwo. Bí wọ́n bá tò ó wẹ́wẹ́ tó sì tọ́, ẹ dúpẹ́, kí ẹ fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ yẹn kò sì gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù yín. Ìlànà ìwà kò fẹ́ kí àǹfààní ara ẹni kọlu iṣẹ́ tí ìlú gbé fún yín. Adelé lè wá bá yín lálẹ́ pé, "Bàbá, àwa la mọ̀ ọ́n ṣe jù, ẹ jẹ́ ká ṣe igba péré níbẹ̀." Ẹ kọ̀ fún un. Ẹ ti kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kò ní gba iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀, kí kíkọ̀ náà má baà dà bí ìkà.

Ẹ gba ọ́fíìsì kékeré kan fún àwọn ará ẹkùn, kó má jẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ń wá owó ilé ìwòsàn àti owó ilé ẹ̀kọ́ wá sí ibi tí iná irin ti ń tàn, oníbàárà á sá, ọmọ kékeré á sì fi ojú wo iná. Ẹ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí akọ̀wé kọ orúkọ àti ohun tí kálukú wá fún.

Ìpadà

Ọdún mẹ́rin láti ìjókòó àkọ́kọ́ ni ilé máa tú ká. Lọ́dún tó kẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọwọ́. Ọwọ́ tó fi ọdún mẹ́ta di bírò mú máa ń gbọ̀n lórí páànù tín-ín-rín, á jó o lu. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ máa jó àjákù irin pọ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ fi òòlù lù ú wò bóyá ó gbà. Ẹ tú ẹ̀rọ wẹ́dìn, ẹ fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde, ẹ pààrọ̀ wáyà tí ara rẹ̀ ti sán àti ìdì tó ń mú irin bí kò bá dì mọ́.

Adelé ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú bóyá ẹ ń padà bọ̀. Bí ẹ bá ń padà, ẹ fi ẹ̀rọ wẹ́dìn kan, gíráńdà kan àti owó ilé ṣọ́ọ̀bù ọdún kan tú u sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó mú nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó jẹ́ òun ló fa wọ́n wá. Ẹ tún kọ dúkìá yín sílẹ̀ fún Àjọ Ìlànà Ìwà bí òfin ṣe wí, ẹ dá ọ́fíìsì ẹkùn padà fún onílé, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì jókòó pẹ̀lú adelé ka ìwé onílà mẹ́jọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó tó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀.